Káàdì Mọ́kànlá Tí Ìyá Làsísì Fi Òrí Tẹ̀

Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ ìyá àgbà mi, Àlímọ́tù, ìyá tó bí bàbá mi, tí gbogbo Ṣakí mọ̀ sí Ìyá Làsísì. Níbi àdúrà náà, ẹ̀yin ará ilé àti aládùúgbò dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sì sọ ohun rere tí ẹ mọ̀ nípa wọn. Nígbà tí ó kàn mí, mo ní ọ̀fun ń dùn mí. Ọ̀fun kò dùn mí. Ohun tí mo mọ̀ nípa wọn kò ṣeé sọ láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ sọ ohun tí èmi fúnra mi ṣe, n kò sì ní ìgboyà láti sọ ọ́ lójú yín. Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín báyìí, díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ wa ní ẹ̀kọ́ àgbà ti ń sọ fún wa pé kí a parí gbólóhùn kan kí a tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

N kò ní kọ gbogbo ìtàn ayé wọn. Ọdún tí a bí wọn pàápàá, kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo fẹ́ kọ ni irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́, àti ìdí tí orúkọ wọn fi wà nínú ìwé ilé ìkàwé ìlú wa fún ọdún mẹ́jọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kó ohun ilé ìkàwé lọ tí kò dá a padà.

Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún wọn ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Òrí ni wọ́n ń ṣe. Ẹ̀yin náà mọ iṣẹ́ náà: a ó ṣa èso rẹ̀ nínú igbó ọ̀nà Kìṣí nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, a ó bọ̀ ọ́, a ó sá a, a ó pa á, a ó yan án, a ó gún un, a ó lọ̀ ọ́, a ó wá fi omi pò ó títí ọ̀rá rẹ̀ yóò fi léfòó. Nítorí iṣẹ́ yìí, àtàǹpàkò wọn kì í gbẹ. Wọ́n tún máa ń so ahá kékeré kan mọ́ ìbàdí, òrí ni ó sì máa ń wà nínú rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, ọmọkọ́mọ tí ó bá gba iwájú ilé wa kọjá tí ètè rẹ̀ ti ya, wọn yóò fà á mọ́ra, wọn yóò ti àtàǹpàkò bọ inú ahá, wọn yóò sì fi pa á létè, wọn kò ní béèrè ọmọ ẹni tí í ṣe. Bí ìyá ọmọ náà bá wá dúpẹ́, ohun kan náà ni wọ́n máa ń wí: “Mo kàn ń nu ọwọ́ mi ni.”

Wọn kì í gba ọ̀rọ̀ kan gbọ́ títí wọn yóò fi mọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ibi tí onítọ̀hún ń gbé. Nílé, a máa ń fi èyí ṣe wọ́n ní yẹ̀yẹ́. Bí mo bá ní òjò yóò rọ̀ lónìí, wọn yóò ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún kejì tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà, awakọ̀ kan tí ń jẹ́ Ráímì, tí ó máa ń bá wa kó òrí lọ sí Ìbàdàn, wá sọ fún wọn pé àwọn tí ń ṣe ọṣẹ níbẹ̀ kò ra òrí mọ́, pé kí wọ́n kúkú ta èyí tí ó wà nílẹ̀ fún òun ní ẹ̀dínwó. Ìyá àgbà béèrè ìbéèrè wọn. Ráímì rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìyá Làsísì, ṣé ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ ni tí ẹ fi ń béèrè ilé rẹ̀?” Wọ́n ní, “Bí ó bá ní ilé tí ó ṣeé júwe, n ó rò ó.” Ráímì kò rí ilé kankan júwe, wọn kò sì ta òrí náà fún un.

Ọ̀rọ̀ Ráímì yìí ni ó gbé wọn dé ilé ìkàwé. Ilé oníyàrá méjì ni, lẹ́bàá ọ̀nà Ìsẹ́yìn, ọ̀pọ̀ wa sì gbà pé ti àwọn ọmọ iléèwé nìkan ni. Èmi ni mo bá wọn lọ. Wọ́n bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí ń wọ mọ́sáláṣí, wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà níbẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adéòtí, bóyá ìwé lè dá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà lóhùn. Adéòtí ní iṣẹ́ òun gan-an nìyẹn, pé ó wu òun kí àwọn oníṣòwò kékeré máa wá béèrè, ṣùgbọ́n wọn kì í wá. Ó gbé ìwé ńlá kan jáde tí àdírẹ́sì àwọn ilé iṣẹ́ wà nínú rẹ̀, ó wá àwọn tí ń ṣe ọṣẹ ní Ìbàdàn, ó sì bá ìyá àgbà kọ lẹ́tà sí mẹ́ta nínú wọn. Kí oṣù náà tó parí, ọ̀kan wá sí Ṣakí fúnra rẹ̀, ó sì ra gbogbo òrí tí ó wà nílẹ̀.

Ìyá àgbà padà lọ láti béèrè ohun tí àwọn yóò san. Adéòtí ní ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ yìí bí wọn nínú. Lọ́dọ̀ àwọn obìnrin tí ń ṣa òrí, bí o bá pàdé ẹnì kan nínú igbó tí o sì béèrè ibi tí igi tó so dáadáa wà, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ibi tí igi kan tí ìwọ mọ̀ wà. Ẹni tí ó bá béèrè tí kò sì fún ni ní nǹkan, olè ni a ń pè é. Ìyá àgbà jókòó síwájú tábìlì náà, wọ́n ní àwọn kò ní dìde títí Akọ̀wé, bí wọ́n ti ń pe Adéòtí, yóò fi gba ìmọ̀ kan lọ́wọ́ àwọn. Báyìí ni wọ́n ṣe sọ fún un bí a ti í fi ìró kóró òrí nínú igbá mọ èyí tí ó ti bàjẹ́. Adéòtí kò mọ ibi tí yóò fi ọ̀rọ̀ náà sí. Ó bá kọ ọ́ sórí káàdì kan ní èdè Yorùbá, ìbéèrè lókè, ìdáhùn nísàlẹ̀, ó sì kà á fún wọn. Wọ́n ní, “Ó ku ẹni tó sọ ọ́ àti ibi tó ń gbé.” Ó fi ìlà kẹta kún un. Láti ọjọ́ náà, kò kọ káàdì kan mọ́ tí kò ní ìlà kẹta.

Wọ́n tún ní àwọn gbọ́dọ̀ tẹ ọwọ́ sí i. Kò sí tàdáwà ìtẹ̀ka níbẹ̀. Kí Adéòtí tó wí nǹkan kan, wọ́n ti ti àtàǹpàkò bọ inú ahá, wọ́n sì ti tẹ òrí mọ́ igun káàdì náà. Ó ní, “Ìyá, ìwé ìjọba lẹ fi ọ̀rá pa yìí o.” Wọ́n ní, “Òjò kò ní lè wọ ibẹ̀ mọ́.”

Lẹ́yìn bí ọdún kan, àpótí onígi kan ti kún fún káàdì lórí tábìlì Adéòtí. Alágbẹ̀dẹ kan béèrè ibi tí a ti ń rí irin tí kì í tètè ṣẹ́. Àwọn tí ń kó iṣu wá láti Kìṣí béèrè bí òṣùwọ̀n kílò tuntun ṣe rí sí ti pọ́n-ùn tí a mọ̀. Ìyá Sùlé, obìnrin kan tí ń ṣe gaàrí ní Ìgànná, béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́, Adéòtí sì ní láti kọ̀wé sí ilé ìkàwé ńlá ní Ìbàdàn kí ó tó rí ìdáhùn fún un. Ìyá àgbà kì í lọ síbẹ̀ kí wọ́n má ní kí ó ka káàdì ẹlòmíràn fún àwọn. N kò bá wọn lọ mọ́ ní àkókò yìí. Ìdí odó ni mo wà. Ṣùgbọ́n Adéòtí máa ń fi wọ́n ṣe àwàdà bí ó bá gba ilé wa kọjá, ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun ń ka káàdì kan, nítorí bí òun bá kà á tán, ohun tí òun ń gbọ́ ni, “Mo gbọ́. Tún un kà, Akọ̀wé.”

Ó tó àkókò kí n kọ nípa ara mi. Kíláàsì kejì ni mo wà nígbà tí ìyá mi kú, tí a mú mi wá sọ́dọ̀ ìyá àgbà. N kò padà sí iléèwé mọ́. Òrí pọ̀ láti pa, ọwọ́ kò sì tó. Mo dàgbà sídìí iṣẹ́ náà, mo sì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ojú máa ń tì mí láti dúró nínú ilé tí ìwé pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè ka ẹyọ kan. Ohun kan wà tí ó jẹ́ tèmi. Èmi ni mo ṣàkíyèsí pé kóró tí a bá sá sórí àpáta ẹ̀yìn ilé kì í rùn bí èyí tí a sá sórí ilẹ̀, mo sì kó gbogbo tiwa lọ sórí àpáta. Òrí wa mọ́ sí i. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń rìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé.

Nígbà tí ó di ọdún kejì, mo rí kóró òrí lórí àpáta àwọn obìnrin Òfìkì. Ẹni tí ń ti Ìbàdàn wá ra òrí ń yà sọ́dọ̀ wọn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, ó ní ilé ìkàwé ni òun ti gbọ́ ọ. Mo délé, mo sọ̀rọ̀ sí ìyá àgbà bí n kò ti sọ̀rọ̀ sí wọn rí. Mo ní iṣẹ́ ọwọ́ wa ni wọ́n ń pín káàkiri. Mo ní ohun tí kì í ṣe tiwọn ni wọ́n gbé fún ará Òfìkì. Wọ́n ń pa òrí lọ títí mo fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, “Sáfú, ṣé ẹni tó ra tiwọn kò ra tiwa ni?”

Ó ra tiwa. N kò fẹ́ gbọ́ ìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, mo lọ sí ilé ìkàwé nígbà tí Adéòtí jáde lọ kírun Alásárì. Kì í ti ilẹ̀kùn. N kò lè ka káàdì ìyá àgbà, ṣùgbọ́n mo mọ àtàǹpàkò wọn. Mo ń gbé káàdì sókè síbi fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí òrí bá wà ní igun rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ a gba ibẹ̀ kọjá. Mọ́kànlá ni mo rí. Mo kó wọn sábẹ́ ìborùn mi, mo sì ti délé kí ìrun tó parí.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tiwọn nìkan ni wọ́n ń tẹ òrí sí. Káàdì ẹlòmíràn tí a bá kà fún wọn tí ó wúlò fún wọn, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú, láti fi hàn pé àwọn ti gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Mo ti kó ti alágbẹ̀dẹ. Mo ti kó ti Ìyá Sùlé.

Ìyá Sùlé gun ọkọ̀ akẹ́rù láti Ìgànná wá ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e. Ó ti rí obìnrin méjì tí wọn yóò jọ ra ẹ̀rọ náà. Àdírẹ́sì nìkan ni ó kù. Adéòtí tú àpótí, kò rí i. Ìyá àgbà wà níbẹ̀, èmi náà sì wà níbẹ̀, nítorí wọ́n ní kí n ru òrí tẹ̀lé àwọn. Adéòtí tú àpótí lẹ́ẹ̀kejì, ó wá rí i pé káàdì tó ní òrí lára nìkan ni kò sí. Ó bọ̀wọ̀ fún wọn púpọ̀. Ó tẹrí ba kí ó tó béèrè bóyá wọ́n ṣèèṣì kó wọn mọ́ ẹrù lọ sílé. Ẹnì kan ní ẹ̀yìn ní ta tún ni ọwọ́ rẹ̀ ń yọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìlú yìí bí kò ṣe Ìyá Làsísì. Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Ìyá àgbà wo àpótí náà pẹ́. Ó dá mi lójú pé ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀. Ẹni tó mọ̀wé kì í fi òrí dá káàdì mọ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé, tí ó sì mọ àtàǹpàkò wọn, ẹnì kan ṣoṣo ni ní gbogbo Ṣakí. Wọn kò wo ẹ̀yìn níbi tí mo dúró sí. Wọ́n sọ fún Adéòtí pé, “Èmi ni. Jẹ́ kí n lọ wá wọn.”

Adéòtí kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Ìyá Sùlé padà sí Ìgànná pẹ̀lú ọwọ́ òfo, ó sì fi ọwọ́ rin ẹ̀gẹ́ ní gbogbo ọdún náà.

A délé, wọ́n jẹun, wọ́n kírun, wọ́n ká ẹní wọn. Mo ń retí kí wọ́n pè mí. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀, ògiri ni wọ́n kọjú sí: “Bí wọ́n bá wà nínú ilé yìí, kí ẹni tó kó wọn má jẹ́ kí eku jẹ wọ́n.”

Mo wá agolo bisikíìtì kan, mo kó káàdì náà sínú rẹ̀, mo dé e, mo sì gbé e sábẹ́ aṣọ mi. Nínú gbogbo ọ̀ràn náà, ibẹ̀ nìkan ni mo ti gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Ó yẹ kí n dá a padà ní ọjọ́ kejì. Mo ní kí n dúró títí ọ̀rọ̀ yóò fi rọlẹ̀. Nígbà tí ó rọlẹ̀, mo ní kò yẹ kí n tún hú u jáde mọ́. Ìṣọ́ra ni mo ń pè é. Báyìí ni ọdún mẹ́jọ ṣe lọ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń yìn mí pé n kì í kánjú, ohun tí ẹ ń yìn nìyẹn.

Ìyá àgbà kò wọ ilé ìkàwé mọ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ ọjà, wọ́n máa ń gbé àpótí ìjókòó wọn lọ sábẹ́ igi dongóyárò tó wà ní òdìkejì ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti lè rí ẹnu ọ̀nà náà, wọ́n sì ń ta òrí níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ tí oníṣòwò kan ń ráhùn pé òun kò mọ ibi tí òun yóò gbé ọjà òun gbà, wọn yóò na àtàǹpàkò yẹn sí ilẹ̀kùn náà. Wọ́n rán aránṣọ wọlé, wọ́n rán amọ̀kòkò, wọ́n rán ọkùnrin kan tó fẹ́ máa sin adìyẹ. Bí àwọn wọ̀nyí bá jáde, ìyá àgbà kò ní jẹ́ kí wọ́n lọ títí wọn yóò fi sọ ohun tí wọ́n gbọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Obìnrin kan tí ẹ̀rù ń bà bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sin òun dé inú. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ń wọn òrí. Wọ́n ní, “Máa lọ. Bá mi gbọ́ ohun tí Akọ̀wé bá sọ.”

Ní ọdún tó kọjá ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àgbà, ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí wa. Aránṣọ tí ìyá àgbà rán wọ ilé ìkàwé nígbà náà ni ó sọ fún mi nípa rẹ̀. Nígbà tí mo délé wí, ìyá àgbà, tí wọn kò lè rìn jìnnà mọ́, béèrè ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ àti ibi tó ń gbé. Mo dáhùn méjèèjì. Wọ́n mi orí, wọ́n ní, “Ó dára. Èmi náà ti béèrè rẹ̀ rí.” Mo rò pé fún ara wọn ni.

Wọ́n kú ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, àìsàn náà kò pẹ́. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ilẹ̀ tí wọ́n sùn sí gbòòrò fún wọn. N kò ṣí agolo náà nígbà ayé wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti lè kàwé díẹ̀. Ọjọ́ kejì àdúrà ogójì ọjọ́ ni mo tó ṣí i. Eku kò jẹ ẹ́. Mo ka káàdì náà bí mo ṣe ń ka ohun gbogbo, tí ìka mi ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀, n kò sì fo ọ̀kan. Mo dé orí èyí tó sọ nípa sísá kóró sórí àpáta. Ìlà kẹta rẹ̀ ni èyí: “Sáfúrátù ọmọ Làsísì ló rí i, kì í ṣe èmi. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé.” Fún ọdún mẹ́jọ, orúkọ ara mi ni mo gbé pamọ́ sábẹ́ aṣọ.

Èyí tó kẹ́yìn kò ní ìdáhùn. Ọjọ́ tí ó wà lórí rẹ̀ fi hàn pé ọ̀sẹ̀ tí mo jí káàdì kó gan-an ni wọ́n béèrè rẹ̀. Adéòtí kọ ìbéèrè náà bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́: “Níbo ni àgbàlagbà ti lè kọ́ ìwé ní Ṣakí? Kì í ṣe fún èmi. Fún ọmọ ọmọ mi ni. Èmi ni mo dá a dúró nílé ìwé kí ó lè máa bá mi pa òrí, n kò sì mọ bí n ó ti sọ fún un pé mo ṣẹ̀ ẹ́.” Nísàlẹ̀, ó fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ pé òun ti kọ̀wé béèrè, kí Ìyá padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Wọn kò padà lọ gba ìdáhùn náà. Ẹ̀yin náà ti mọ ìdí rẹ̀ báyìí.

Mo kó káàdì mọ́kọ̀ọ̀kànlá lọ sí ilé ìkàwé ní ọjọ́ Ajé tó kọjá. Adéòtí ti lọ sí ìlú mìíràn. Obìnrin kan ni ó wà níbẹ̀. Ó ṣí ìwé àtijọ́, ó sì rí orúkọ ìyá àgbà pẹ̀lú iye káàdì náà. Ó bá mi kẹ́dùn. Ó ní ó mà dára o, pé mo rí wọn nínú ẹrù Màmá. Àánú ni ó fi sọ ọ́, ó sì ti lànà sílẹ̀ fún mi. Ohun tí ó kù ni kí n ṣáà dákẹ́ bí mo ti í dákẹ́. Mo ní, “Wọn kò kó o. Èmi ni mo kó o.”

Ó wò mí. Ó fa ìlà sórí orúkọ wọn, ó sì ní kí n kọ tèmi síbẹ̀. Mo kọ ọ́. Mo tún da àdírẹ́sì ẹ̀rọ náà kọ sínú ìwé mi, nítorí mo gbọ́dọ̀ lọ bá Ìyá Sùlé ní Ìgànná, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè wúlò fún un mọ́. N kò tíì lọ. Mo ń bẹ̀rù ojú rẹ̀.

Nígbà tí obìnrin náà dé orí káàdì tó kẹ́yìn, ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Ó ní ibi ìdáhùn kò gbọdọ̀ wà lófo, pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ni kí ó kọ ọ́, ó sì na bírò sí mi. Mo kọ orúkọ iléèwé náà àti àwọn ọjọ́ tí a ń pàdé. Ó gbà mí ní àkókò, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò kán mi lójú. Mo wá wo ìlà kẹta. Orúkọ wọn wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó béèrè. Mo kọ orúkọ ẹni tó dáhùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì kọ ibi tí mo ń gbé, nítorí ohun àkọ́kọ́ tí wọn ìbá béèrè nìyẹn.